Bí Àjàgbé Àbúrò Mi Ṣe Jọba ní Ìlú Amọ̀

Ẹ sún sábẹ́ ibòji yìí dáadáa, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà rí ibi fẹ̀yìn tì, kí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu sì wúkọ́ tirẹ̀ tán, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí n kò ní dúró. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ìdí-Ọsẹ̀, ọdẹ tó pa ẹfọ̀n tí kò sáré, tó pa ẹkùn tí kò pariwo, tí àwọn ọ̀bọ fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn bí ọmọ bá kọ̀ tí kò sùn. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá wà níhìn-ín tó ti wọ Igbó Amọ̀ rí tó sì jáde, kó dìde, màá fún un ní àpótí tí mo jókòó lé. Ẹ rí i, kò sí ẹni tó mira. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pẹran kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Èmi pẹran títí, mo sì fún gbogbo yín jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí mo mú bọ̀ láti Igbó Amọ̀ kì í ṣe ẹran. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́, nítorí náà ẹ mú ọkàn le.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti Àjàgbé. Baba wa kú nígbà tí Àjàgbé kò tíì hu eyín, èmi ni mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdẹ, èmi ni mo fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà rẹwà, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn ìjókòó ju ìdúró lọ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí rẹ̀ wúwo ju ti ìjòyè lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó yìnbọn fún ẹfọ̀n, ẹfọ̀n náà kò kú, ó gbé ọgbẹ́ rẹ̀ wọ Igbó Amọ̀. Àwọn ọdẹ inú yín mọ̀ pé a kì í fi ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé lọ́nà oko ni yóò gbẹ̀san lára rẹ̀. Àjàgbé tẹ̀ lé e wọlé, kò sì padà wá. A wá a ní etí igbó títí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ fi kọjá. Gbogbo ìlú ti ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú, àfi ìyá wa. Ó pè mí sínú yàrá rẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, gbogbo wọn ní ó ti kú, ṣùgbọ́n ọmú mi ṣì ń ta mí bí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lọ mú ọmọ mi wá." Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ìbọn, mo fi àdá sí ẹ̀gbẹ́, mo lọ.

N kò ní fi oúnjẹ tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn dà yín láàmú. Ohun tí ẹ ó kàn mọ̀ ni pé nígbà tó yá, igi tán. Igbó tí kò ní igi, ẹ ti rí i rí? Eèsún gígùn ló kún ibẹ̀, ilẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ rírọ̀ tó ń mu ẹsẹ̀. Ipasẹ̀ Àjàgbé wà níbi tí amọ̀ náà ti gbẹ, ipasẹ̀ ẹfọ̀n wà níwájú rẹ̀, mo sì ń tẹ̀ lé méjèèjì títí mo fi dé ibi odi kan tí n kò rí ìparí rẹ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Egungun ẹfọ̀n náà wà lẹ́nu ibodè. Ẹni tó ń ṣọ́ ibodè ni màlúù kan tó ga ju ilé baálẹ̀ wa lọ. Orí ènìyàn ló ní, irùngbọ̀n rẹ̀ dì bí irun obìnrin tó ń lọ sí ìgbéyàwó, ìyẹ́ àṣá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ka ẹsẹ̀ rẹ̀, márùn-ún ni. Mo gbé ìbọn sí èjìká. Ó wò mí bí àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọdé tó mú igi lọ́wọ́, ó ní, "Ọdẹ, gbé e sílẹ̀. Òkúta ni mí." Ẹ má bi mí pé èdè wo ló sọ. Ó sọ̀rọ̀, ó yé mi.

Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá òun lóhùn. Ó bi mí pé, "Kí ló ń gba ọ̀rọ̀ nígbà tó tutù, tí kì í gbàgbé nígbà tó gbẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ọdẹ àgbà, ti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo ní ẹrẹ̀ ni. Mo ní bí ó bá tutù, ẹran á tẹ̀ ẹ́, bó bá gbẹ, á sọ fún mi bóyá ẹran náà sanra, bóyá ó tiro, bóyá ó lóyún, àti ibi tó gbà lọ. Ó ní àwọn ará ìlú òun máa ń fi gègé eèsún tẹ ọ̀rọ̀ sára amọ̀, pé ìyẹn ni òun ní lọ́kàn, òun kò sì tíì rí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ẹran dáhùn rí, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni ìdáhùn. Mo béèrè Àjàgbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó wọlé. Òun ni àkọ́kọ́ láti ìta, ìwọ ni ìkejì. Gbọ́ òfin mi. Iye ẹni tó bá ti ìta wọlé ni iye ẹni tí mo ń jẹ́ kó jáde. Ẹ jẹ́ méjì. Bí ẹ bá di mẹ́ta, ẹnì kan á dúró."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀kan péré ni mo wá mú, àwa méjì náà la máa jáde. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé nínú odi ni ọkùnrin kan tó ń ro oko ọkà lẹ́bàá ipa omi tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́. Mo sọ pé ó ń ro oko, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ó di ọkọ́ mú bí ẹni di ejò mú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ibi tí òrùka ti kúrò funfun ní ìka rẹ̀, àwọn géńdé tó dúró jìnnà sí i pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ kò sì ro nǹkan kan, òun ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń pè é ní Àgbẹ̀. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi bí wọ́n ṣe ń ro ebè hàn án, mo ní, "Baba, bí ẹ bá ń ro ó báyìí, ìka ẹsẹ̀ yín lẹ máa kórè." Kò bínú. Ó ń wo ojú mi, ó ní mo jọ ọba tuntun. Mo ní ọba wo? Ó ní àlejò tó wọ̀lú tẹ̀ lé ẹfọ̀n, tí wọ́n gbé adé lé lórí. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn. Ó wá bi mí bóyá ara àbúrò mi máa ń le nílé, bóyá kì í ṣàìsàn, bóyá ó ń jẹun dáadáa. Mo ní ó ń jẹun bí iná ṣe ń jẹ koríko. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun dúpẹ́. Mo rò ó nínú ara mi pé ènìyàn rere nìyí, mo sì súre fún un. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo súre fún un.

Àwọn ará ìlú náà ń pe ara wọn ní olórí dúdú, ìyẹn àwọn tí irun orí wọn dúdú, àwọn tí kò sì fi irun orí wọn sílẹ̀ a máa fá a kodoro. Gbogbo ilé wọn, búlọ́ọ̀kù amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní àárín ìlú wọ́n gbé ilé lé orí ilé, wọ́n tún gbé òmíràn lé e, títí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ di fìlà mú kó tó rí òkè rẹ̀. Òṣùpá ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Wọ́n máa ń yí ìkòkò ọtí ọkà ká, olúkúlùkù á ki ọ̀pá eèsún tó ní ihò bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fà á láì gbé ife. Mo fà á, ó dùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ohun tí kò ní arọ́pò ní ìlú náà. Mo wọ ilé òrìṣà wọn, mo bá ère òkúta tí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ sí àyà, tí ojú wọn là rangandan. Wọ́n ní ère kọ̀ọ̀kan ń gbàdúrà dípò ẹni tó ni ín, kí onítọ̀hún lè ráyè lọ sóko. Mo kọjá ní ilé aláìsàn kan, mo bá ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ rẹ̀ fún. Wọ́n pa ewúrẹ́ náà, wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà sunkún rẹ̀, ọkùnrin náà sì dìde jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní àwọn wọ̀nyí gbọ́n, ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń tan ikú jẹ.

Wọ́n mú mi dé ààfin. Àjàgbé jókòó lórí àga, adé wúrà lórí, aṣọ funfun lára, ó ti sanra. Ẹ̀gbọ́n ni mí, ṣùgbọ́n ọba ni ọba. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ tí mo ti pọ̀n sẹ́yìn rí. Ó fò dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ó jókòó padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe fi orin pàdé òun lẹ́nu ibodè, bí wọ́n ṣe wẹ òun, bí wọ́n ṣe fún òun ní aya. Aya náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Níńbándà lorúkọ rẹ̀, ọmọge tí ojú rẹ̀ kì í kúrò ní ilẹ̀. Mo sọ pé ìyá wa ń pè é. Ó ní kí n ní sùúrù, orí òun ló gbé òun débẹ̀, bóyá a lè lọ mú ìyá wa wá síbẹ̀. N kò jà á níyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń gún mi nínú. Níbo ni wọ́n ti ń fi àlejò jọba láì bi í pé ọmọ ta ni?

Wọ́n ní n kò lè sùn ní ààfin pẹ̀lú irùngbọ̀n mi, nítorí náà wọ́n ní kí onígbàjámọ̀ ọba fá a fún mi. Urdúkù lorúkọ bàbá náà, àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà abẹ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé mi ní àgbọ̀n. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmú ariwo jáde, ó ní Níńbándà ni ọmọ òun kan ṣoṣo. Mo ní kí ló wá ń pa á lẹ́kún, ṣebí olorì ni ọmọ rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ fún mi, abẹ wà ní ọrùn mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó ní òṣùpá ṣókùnkùn lọ́dún yẹn. Ní ìlú àwọn, bí òṣùpá bá ṣókùnkùn ní apá ibi tó ti ṣókùnkùn yẹn, ọba gbọ́dọ̀ kú. Nítorí náà ọba á bọ́ adé, á lọ máa ro oko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní nǹkan mìíràn bí kò ṣe Àgbẹ̀. Wọ́n á wá ẹlòmíràn, wọ́n á fi í sórí àga, wọ́n á ka gbogbo aburú tí òṣùpá sọ sí i létí kó lè di tirẹ̀, wọ́n á fún un ní ọmọge kan kí àga má bàa ṣófo lápá kan. Wọ́n á máa bọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá pé, òun àti ọmọge náà á lọ bá ayànmọ́ wọn, tí í ṣe ikú, Àgbẹ̀ á sì wẹ ọwọ́ rẹ̀, á padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ tó máa pòṣé. Àwa náà ní abọ́bakú nígbà láéláé. Ṣùgbọ́n abọ́bakú mọ̀ pé òun ni abọ́bakú. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó mọ ohun tí òun ń san padà. Àbúrò mi kò mọ nǹkan kan. Ó rò pé orí òun ló dára.

Mo padà lọ sí oko Àgbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sórí àga rẹ̀, kó mú ẹlòmíràn, kó mú ewúrẹ́. Ó fi ìbàlẹ̀ ọkàn dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọdẹ, bí mo bá kú, omi á gbẹ nínú àwọn ipa odò wọ̀nyí, odi á wó, gbogbo ìlú á kú. Bí òun bá kú, ẹnì kan ló kú."

Mo ní, "Ẹnì kan yẹn ni ọmọ ìyá mi."

Ó gbé ọkọ́, ó ń ro ebè bí mo ṣe kọ́ ọ, ó sì ti ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Mo ronú rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àwọn géńdé yẹn ti sún mọ́ wa, bí mo bá yìn ín, ta ni yóò mú Àjàgbé jáde?

N kò lè bá Àjàgbé sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ìjòyè kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bá ní mo fẹ́ fi ìjálá yin ọba, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ṣe ń ṣe nílé wa. Inú wọn dùn. Mo gbé ohùn sókè:

"Kábíyèsí, mo rí àgbò kan láàfin,
Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n fi osùn kùn ún níwo,
Ọkà tí àgbò ń jẹ, ọmọ onílé kò rí irú rẹ̀ jẹ.
Àgbò ń yan, àgbò ní wọ́n fẹ́ràn òun.
Ọmọ ìyá mi, ta ni yóò sọ fún àgbò
Pé ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀?"

Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́. Àjàgbé náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo Níńbándà. Níńbándà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò ó, ohun tí ojú rẹ̀ sọ fún un ju ohun tí ìjálá mi sọ lọ. Ọmọ náà ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá.

Urdúkù ló mọ ọ̀nà àbáyọ, Níńbándà ló sì gbé e dé etí Àjàgbé lóru. Ní ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí orí ọba láì sí adé lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fá orí ọba, gbogbo ẹ̀ṣọ́ á kọ ẹ̀yìn sí ilé onígbàjámọ̀, wọ́n á máa wo ìta títí ìró abẹ á fi dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Àjàgbé ní òun fẹ́ fárí, kí wọ́n sì tún irun olorì ṣe. Èmi ti wà nínú ilé náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì kọ ẹ̀yìn. Urdúkù na awọ ewúrẹ́ kan sórí àpótí, ó ń fi abẹ ha á, kàrà, kàrà, ó sì ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọba tàkúrọ̀sọ. Kò dágbére fún ọmọ rẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. Ó kàn fi ọwọ́ òsì tì í jáde. A gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bọ́ sínú ọkọ̀ eèsún tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, mo tù ú títí apá mi fi fẹ́ yọ. N kò mọ ìgbà tí abẹ bàbá náà dákẹ́. N kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

A dé ibodè pẹ̀lú oòrùn lókè. Màlúù ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Mẹ́ta ni mo rí. Méjì ló wọlé."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé pé ẹ̀rù kì í ba Ọdẹ́jìnmí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní ìbọn mi, kò gbà. Mo fún un ní gbogbo oògùn ara mi, kò wò ó. A ti ń gbọ́ ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ létí omi. Mo ní kí àwọn méjèèjì máa lọ, èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni n ó dúró. Níńbándà ní rárá, ìlú òun ni, òun ló yẹ kó dúró.

Àjàgbé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Bí o bá dúró, wọ́n á pa ọ́, wọ́n á sì pa ohun tó wà nínú rẹ." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó lóyún. Mo wo màlúù náà. Ó ní, "Ẹni tí n kò tíì rí ojú rẹ̀, n kì í kà á."

Àjàgbé wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá dúró, wọn ò ní yé wá mi. Wọ́n ti ka aburú òṣùpá sí mi létí, èmi ni wọ́n nílò. Wọ́n á tọ ẹsẹ̀ wa dé Ìdí-Ọsẹ̀, wọ́n á bá ìyá wa nílé. Bí wọ́n bá rí ọba wọn, wọ́n á padà."

Mo ní kí ni n ó sọ fún ìyá wa. Ó yọ adé tó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó gbé e lé orí. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọba kì í dọ̀bálẹ̀. Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú amọ̀ náà, pẹ̀lú adé lórí, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì ń rìn lọ bá wọn, kò sáré. Màlúù fi ìyẹ́ rẹ̀ tì wá síta.

A jókòó sínú eèsún lẹ́yìn odi, n kò lè kúrò níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹkún ńlá bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú. Gbogbo ìlú ń sunkún, wọ́n sin ín bí ọba, wọ́n fi gbogbo ọlá ọba fún un. Ṣùgbọ́n Níńbándà sọ fún mi pé orúkọ tí wọ́n ń fi sunkún kì í ṣe ti Àjàgbé, ti Àgbẹ̀ gan-an ni, orúkọ ọba rẹ̀. Ni mo bá dìde dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì rẹ̀ pè é láti ìta odi, oríkì rẹ̀, ti baba wa, ti ìyá wa, títí ohùn mi fi há.

Bí a ṣe rìn padà kò ní adùn kankan. Níńbándà bí ọmọkùnrin ní Ìdí-Ọsẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni onígbàjámọ̀ tó ń fá orí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ìyá mi ló tọ́ ọ dàgbà, ó sì ti lọ sí ọ̀run báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ èyí tó kù.

Ní ọjọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ kan ikùn Níńbándà, ó ní kó wọlé lọ wẹ̀. Ó wá bi mí ní ohun kan péré. Ó ní, "Nígbà tó ń lọ bá wọn, ṣé ó wo ẹ̀yìn?"

Mo ní, "Rárá, ìyá mi. Ó rìn bí ọba."

Ó mi orí, ó ní ó dára, ara òun balẹ̀.

Àjàgbé wo ẹ̀yìn. Ó dúró, ó wo ẹ̀yìn, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pè mí, ẹ̀rù hàn ní gbogbo ojú rẹ̀, ibodè sì tì.